Imí-Ọjọ́ Ọ̀tún, Imí-Ọjọ́ Òsì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ sì kú iṣẹ́ bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ sọ fún Màámi pé súwẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo wọ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì lè kà á. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Òtútù ibí kò dẹwọ́. Oṣù keje tí mo dé yunifásítì òkè òkun yìí nìyí, n kò tíì ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Imí-ọjọ́ ni. Èròjà kan wà tó ní imí-ọjọ́ nínú, ó sì máa ń jẹ́ méjì bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ìwọ̀n kan náà, òórùn burúkú kan náà, àdàlù nínú ìgò kan. Bí a ṣe ń yà wọ́n yóò yé yín. Bí wọ́n bá da bàtà ọ̀tún àti òsì pọ̀ sínú àpò, tí òkùnkùn sì ṣú, ṣebí ẹsẹ̀ lẹ óò kì bọ̀ ọ́? Ásíìdì kan tí wọ́n fi káńfọ̀ ṣe ni ẹsẹ̀ tèmi. Èyí tó bá a mu dì bí iyọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, èkejì wà nínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo yọ́ ọ tí mo tún jẹ́ kó dì, kó tó mọ́.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú wọn kọjá, ọ̀kan ń yí i sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń yí i sósì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ bí ìrísí wọn gan-an ṣe rí. Mo fara balẹ̀ ronú, mo sì sọ nínú ìpàdé pé èyí tó ń yí ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún, òsì ni ìrísí rẹ̀. Róbáàtì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú mi níbí, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá wọn kì í kọ́ ọmọdé ní ọ̀tún àti òsì ní ìlú tèmi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá, mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, kò sì dá mi lójú mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n gbé iyọ̀ náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun, nítorí òun nìkan ló lè fi ìrísí rẹ̀ hàn. Nígbà tí a ń retí èsì, mo bá ìgò Róbáàtì méjì, ọ̀tún àti òsì tirẹ̀, lórí tábìlì ní Sátidé kan, èmi nìkan. Bí mo bá pààrọ̀ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti fi èékánná ṣí ọ̀kan. Mo wá rántí akọ̀wé tó bú yín níṣojú èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè Òṣòdì. Ẹ kò ba bàtà rẹ̀ jẹ́. Ẹ rán an dáadáa, ẹ wá fi ọwọ́ òsì nà án sí i. Ojú rẹ̀ fà ro. Ní ọjọ́ kejì ló gbé obì wá bẹ̀ yín. Mo lẹ ìwé náà padà.

Èsì dé: bí mo ṣe sọ gẹ́lẹ́ ló rí. Róbáàtì kò tọrọ àforíjì. Ó kàn wá sọ pé kí n gbé ìgò mi wá, òun fẹ́ fi han àwọn àlejò. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́yìn. Mo fi òsì nà án sí i, mo sì wò ó lójú.

Bàbá, ó dúpẹ́! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Kò mọ̀ pé mo bú òun. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi jù ti ìṣáájú lọ. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí nìyẹn. Bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ títí ayé, kí ilé mọ̀ pé Róbáàtì gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ọmọ oníbàtà.

Kí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà yín máa rìn síre. Ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Músílíù ní Òkòtà àti gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín, tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ èyí sí yín,
Làmídì