Yèyé Mi, Ẹ Fi Fúnkẹ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Wá sí Àgbádárìgì

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé Fúnkẹ́ ni mo mọ̀ pé ẹ wà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ará ilé. Mo kí Fúnkẹ́ àbúrò mi náà, àmọ́ ìkíni tirẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Fúnkẹ́ ni fóònù yín máa ń wà. Bí mo bá pè, á ní ẹ ń sùn. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ìdajì ló máa ń kà fún yín. Yèyé, oorun yín ti pọ̀ jù. Ìwé ìròyìn yìí nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ ń fi ojú ara yín kà tán.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì wà níbi tí a ti ń sin ọ́sítà létí ọ̀sà, ẹran inú ìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi inú omi. Òjò kò jẹ́ ká sinmi, iyọ̀ òkun sì ti fẹ́ jẹ páànù ilé wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, ní Àgbádárìgì níbí, tán.

Ọmọ ọ́sítà kì í jókòó. Ó kéré débi pé ojú lásán kò rí i, á sì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ó di ìgbà tó bá gbọ́ ìròyìn kan nínú omi kó tó lẹ̀ mọ́ nǹkan, kó pa ohun tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ tì, kó wá di ọ́sítà gidi. Ọ̀gá wa sọ pé ohun kan bí etí wà lára ọmọ ọ́sítà tó ń gba ìròyìn náà. Ó ní irú ohun tó ń mú àyà wa já nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá ló ń ṣiṣẹ́ lára tirẹ̀ náà.

Ìkarahun àtijọ́ la máa ń so kọ́ sínú omi fún wọn. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi: mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ tèmi títí ó fi funfun báláú. Ẹyọ kan kò bà lé e. Sẹ́nàmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ègùn láti Gberefu, ti kó tirẹ̀ sínú ọ̀sà títí èérí omi fi bò ó, tó ń yọ̀. Tirẹ̀ kún fọ́fọ́. Inú èérí tí mo fọ̀ dànù ni ìròyìn wà.

Inú bí mi, kì í sì í ṣe nítorí ọ́sítà. Ọjọ́ kejì tí Sẹ́nàmí bímọ ni ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Bí ìyá yẹn bá ń wẹ ọmọ, tó ń fi Ègùn kì í, mo máa ń ti fèrèsé mi. Mo jowú Sẹ́nàmí. Mo jowú Fúnkẹ́ jù ú lọ.

Ẹ ní ogójì ọjọ́ lẹ fẹ́ lò lọ́dọ̀ Fúnkẹ́. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí lẹ fi pọ̀n ọ́n. Èmi ni àkọ́bí, Yèyé. Tèmi ni ọ̀já yẹn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni èmi náà máa bímọ. Fúnkẹ́ sọ pé ẹ ní ọ̀nà jìn, pé orúnkún ń dùn yín. Orúnkún tó ń lé ọmọ kiri àgbàlá ni kò lè wọ mọ́tò?

Oògùn kan wà tí a máa ń kán sómi. Bí ọmọ ọ́sítà bá ti gbà á, á rò pé òun ti gbọ́ ìròyìn. Á yí padà, á dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi ò lè wò wọ́n. Ara tèmi náà ń yí padà, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Màá bímọ bí ẹ bá wá, màá bímọ bí ẹ ò bá wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fi agbára sí orúnkún yín. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún Fúnkẹ́ pé kó máa wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, ẹ má bi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èmi pẹ̀lú ikùn mi la máa dúró níbùdókọ̀.

Èmi ni Bọ́sẹ̀,
ọmọ yín.