Ẹja Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tí O Ń Ṣọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pàdé.

Àwòrán egungun ẹranko tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù télọ̀ àdúgbò wa ti dé. Télọ̀ ní láti ìgbà tí ẹranko yẹn ti wọlé ni fóònù òun ti kún, kò gba nǹkan mìíràn mọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, egungun lásán ni, kò lẹ́ran lára.

O ní àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, ti ayé àtijọ́ lò ń ṣọ́ ní mùsíọ́mù yín, pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn lórí ilẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta ẹja, ẹja náà ni mo fi rán ọ níléèwé, o wá jókòó sílùú ńlá ò ń kọ́ mi ní ẹja. Mo ti rí oníjìbìtì tó ki òkúta sẹ́nu ẹja kó lè tẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó so ẹsẹ̀ ajá mọ́ ọn. Wọ́n ti lu ọ̀gá yín ní jìbìtì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ tún wá fi dígí bò ó, ẹ ní káwọn èèyàn máa wò ó. Nílé wa, ajá là ń ju egungun sí, ajá kì í sì í pè é níṣẹ́ ọ́fíìsì.

Télọ̀ ka ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ fún mi. O ní kì í ṣe ẹja rárá, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, pé ó wọ inú omi, ibẹ̀ dùn mọ́ ọn, ìran rẹ̀ kò padà sórí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ wọn sì ń kéré sí i títí ó fi tán lára wọn. Ìyẹn nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹran burúkú. Ó mu ọmú tán, ó rí ibi tó tutù, ó gbàgbé ilé. Ìwọ náà sì dúró tì í nínú àwòrán, ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí.

Ọdún kẹrin rèé tí o ti ní ò ń bọ̀. Inú ń bí mi, ọmọ mi, àárò rẹ sì ń sọ mí.

Òrùlé yàrá rẹ ń jò, a nílò owó páànù. Má fi sórí fóònù o, fóònù télọ̀ ti kún. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e wá, kí n fojú mi rí i pé méjèèjì ṣì wà lára rẹ. Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.