Mi Ò Dákú, Àgbà Ni Mo Kúnlẹ̀ Kí

Bàbá mi, Màámi, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀ láti Alajo ní Accra níhìn-ín, mo ní kí n kí yín kí oòrùn tó mú. Màámi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ yín. Gbénga, àbúrò mi, o kú iṣẹ́ fóònù. Ṣé òróró ìpara tí mo fi ránṣẹ́ ń ṣe orúnkún Bàbá lóore? Ara tèmi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé kí èmi tó mú bírò. Sistà Àwáwù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti rò ó fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, ó sì fi iyọ̀ àti ata sí i. Láti ibẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan gbé e dé ilé, Màámi sì pè mí tẹkúntẹkún pé wọ́n ní mo rí olórin, mo sì dákú. Mi ò dákú o. Ẹ̀yin Yorùbá Accra tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ súnmọ́ ibí kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe wà ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń gbọ́ jùjú, rọ́ọ̀kì ni ti Bàbá. Olórin kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ràn, Àjàní Mànàmáná, ọmọ tiwa tó máa ń fi gìtá sínú iná mànàmáná títí tí yóò fi máa ké bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀. Yorùbá ló fi ń kọrin. Àwo rẹ̀ kan wà tí orin “Òjò Orí Páànù” wà nínú rẹ̀. Bí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá á gbé irin tí wọ́n fi ń lẹ wáyà sílẹ̀, wọn á máa fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì, oníbàárà á sì dúró. Màámi á ní ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí adìẹ àwọn yé.

Bàbá, ẹ rántí ìrìn Ìbàdàn. A gbọ́ pé Mànàmáná ń bọ̀ wá ṣeré níbẹ̀. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, ẹ fà mí lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀. Fìdítì ni ọkọ̀ wa kú sí. Dírẹ́bà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kò jáde mọ́. A jókòó sí ẹ̀bá títì, a ń jẹ ọsàn, ẹ sì ń sọ fún mi pé títún rédíò ṣe kò le tó títún ọkọ̀ ṣe, torí rédíò kì í dá ènìyàn dúró sójú ọ̀nà. Ìgbà tí oòrùn wọ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn sọ fún wa pé eré ti parí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ra búrẹ́dì fún Màámi, a padà sílé. Nígbà tí Màámi bi yín bí eré ṣe lọ, ẹ ní a ò tíì dé, pé ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di tilé wa. Èsì ìdánwò mi pẹ́, ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Gbénga ò rí iṣẹ́, ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ ní Ghana, tí mo ń sunkún, ohun kan náà lẹ sọ fún mi.

Iṣẹ́ ń lọ déédéé níbí. Abossey Okai ni mo ṣì wà, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àti àwọn fítà, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì níhìn-ín. Aṣọ àga mọ́tò ni mò ń rán. Bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ tí àga rẹ̀ ti ya wá, èmi ni wọ́n á ní kí n wọ̀ ọ́ láṣọ. Ooru ti bẹ̀rẹ̀, awọ tí a fi ń rán àga sì máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lápá. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, a ń ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ oníná bọ́ sí èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Màámi, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò ní dín, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí ni ọjọ́ Sunday. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Sistà Àwáwù wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ilé á dákẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ níbí o, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó mọ̀ mí láti kékeré, tí mo lè bi pé ǹjẹ́ ó rántí. Mànàmáná ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù nígbà náà. Ohùn gìtá yẹn á mú òórùn ṣọ́ọ̀bù yín wá bá mi, òórùn wáyà tó ń jó àti ti kọfí yín.

Ní ọjọ́ kan, mò ń rán aṣọ àga lọ́wọ́, ni rédíò fítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá sọ pé Àjàní Mànàmáná ń bọ̀ ní Accra. Létí òkun níbí, ní ìrọ̀lẹ́ Saturday. Wọ́n ní ó ti darúgbó, pé lẹ́yìn ìrìn-àjò yìí ó fẹ́ gbé gìtá kọ́ ògiri. Inú mi dùn débi pé inú aṣọ àga náà ni mo rán síta. Ọ̀gá mi bi mí bóyá àga ló fẹ́ jókòó lé ènìyàn.

Mo pè yín, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ wá, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé orúnkún yẹn kò lè gba ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀. A wá jọ ṣe àdéhùn pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ “Òjò Orí Páànù”, màá pè yín kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ẹ ní ó dára, ẹ ní kí n ṣáà má jẹ́ kí ọkọ̀ kú sí Fìdítì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àjákù awọ àga ni mo fi rán pọ́ọ̀sì, Sistà Àwáwù bá mi tà á, owó rẹ̀ ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì èmi àti òun.

Sistà Àwáwù ní òun ò lè jẹ́ kí n dá lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tirẹ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí i sí, Ga àti Twi sì máa ń ya wọ inú Yorùbá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó ní ariwo ni rọ́ọ̀kì, pé tìtorí mi lòun ṣe máa fi etí òun rúbọ. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó gbé kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, àti ẹja díndín bí ẹni tó ń lọ sí oko. A wọ trotro, dáńfó ti ibí, ní Alajo, a yí ọkọ̀ ní Circle. Bí ọkọ̀ bá ti dúró nínú gosiló ni mò ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò kú. A dé.

Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́! Dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, àwọn míì so ṣéènì mọ́ ṣòkòtò. Sistà Àwáwù rọra ń ka àdúrà. Àmọ́ àwọn ọmọ náà yà fún wa lọ́nà, wọ́n ń pè wá ní Mummy, wọ́n bá a gbé àpótí rẹ̀, a sì rí àyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta sí ọ̀nà tí olórin máa gbà kọjá. Mo ti múra bí màá ṣe pariwo orúkọ rẹ̀. Mo ti fi dánra wò nínú ilé ìwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ó wá yọ. Bàbá, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó ń rọra rìn bí ẹ ṣe ń rìn. Nígbà tó kàn wá, mo rí i pé ẹgbẹ́ yín ni. Ariwo tí mo ti pèsè kò jáde. Ṣé ènìyàn lè dúró gbagidi kí ó máa pariwo orúkọ àgbà tó tó bàbá rẹ̀ mọ́ ọn lójú? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ nínú iyanrìn, mo ní, “Ẹ kú àbọ̀, sà.”

Àṣìṣe mi nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò rí ìkíni rárá. Ohun tí wọ́n rí ni pé obìnrin kan wà lórí ìdúró, kò sì sí lórí ìdúró mọ́, ooru sì ń mú. Ẹnì kan kígbe pé ẹnì kan ti ṣubú. Kí n tó dìde, wọ́n ti gbá mi mú lápá, lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé mi sáré bí àpò sìmẹ́ńtì. Bàtà Mànàmáná ni ohun tí mo rí gbẹ̀yìn.

Àgọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n tẹ́ mi sórí ẹní, wọ́n bọ́ bàtà mi, wọ́n da omi sí mi lórí, irun tí mo ṣe tìtorí ọjọ́ yẹn bàjẹ́. Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ti gba Twi lẹ́nu mi, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló ń jáde, nọ́ọ̀sì sì mi orí sí èkejì rẹ̀ pé mo ti ń ṣe ìrànrán. Bí mo bá dìde, wọ́n á tẹ̀ mí padà. Ta ni ì bá gbà mí sílẹ̀? Sistà Àwáwù, tó gbé àpótí rẹ̀ sáré tẹ̀lé wa, di òpó àgọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú báàgì rẹ̀ ni fóònù mi wà.

Eré sì ti bẹ̀rẹ̀ níta. Mo ń gbọ́ gìtá yẹn, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹní tí mo wà. Mo mọ̀ pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ló máa ń kọ orin wa, oòrùn sì ti ń pọ́n lára àgọ́. Mo rántí yín pé ẹ jókòó ti fóònù. Mo wá rí i pé ọkọ̀ ti tún kú sí Fìdítì, lójú mi báyìí, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí à ń lọ. Ẹkún gbọ̀n mí. Nọ́ọ̀sì ní ìrora ni, ó lọ mú abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló pa ẹ̀rín Sistà Àwáwù. Ó fi Ga bá wọn sọ̀rọ̀ pé kò sí àìsàn kankan lára mi, pé Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ni mí, pé bí àwa ṣe ń kí àgbà nìyẹn, pé bàbá mi ń dúró de orin kan nílé láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí. Nígbà tí èrò ti dí ọ̀nà iwájú, ó mú wa gba ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó sì mú wa yọ sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle gan-an. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá kò súnmọ́ ọn tó wa.

A ò tíì mí délẹ̀ tí Mànàmáná fi ta okùn gìtá àkọ́kọ́. Bàbá, òun ni! Bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, kó tó wá di kíkan. Mo já fóònù gbà, mo tẹ nọ́ńbà, Gbénga gbé e lójú ẹsẹ̀, mo na ọwọ́ mi sókè ọ̀run. Àwọn ọmọ Ghana ń kọ Yorùbá tí wọn ò gbọ́, wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Sistà Àwáwù gun orí àpótí rẹ̀, ó ń fi àpò kẹ́ńkẹ́ jó. Mò ń fò, mò ń sunkún, mò ń pariwo gbogbo ohun tí mo ti fi dánra wò. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Ìgbà tí mo fi máa wo fóònù, bátìrì rẹ̀ ti kú, mi ò sì mọ ibi tí ẹ gbọ́ ọ dé.

Nígbà tí Mànàmáná ń sọ̀ kalẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó béèrè bóyá ara mi ti yá. Òun náà rò pé mo dákú. Mo tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Sistà Àwáwù na apá méjèèjì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Ó wá yé bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi pé àwọn ọmọ tèmi náà á kúnlẹ̀ kí mi.

Fóònù tó kú yẹn ló ń dùn mí títí tí a fi délé. Ó di òwúrọ̀ kí Gbénga tó ròyìn fún mi. Ó ní láti ọ̀sán lẹ ti wẹ̀, Bàbá, tí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ náà, tí ẹ jókòó síta bí ẹni tó wà ní gáréèjì. Ó ní nígbà tí gìtá dún, ẹ dìde dúró láìdi ẹnikẹ́ni mú, ẹ ò sì jókòó títí fóònù fi já. Ẹ wọlé, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì sọ fún Màámi pé, “Ìyá Àṣàkẹ́, bá wa gbé omi wá. A ti dé.”

Gbénga ní Màámi ò béèrè ibi tí ẹ lọ. Màámi, ẹ bu omi wá, ẹ kúnlẹ̀ fún Bàbá, ẹ ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn. Kò sì sí ẹni tó gbé yín lọ sí àgọ́ nọ́ọ̀sì.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí orúnkún yín le, kí etí yín má di sí ohun rere. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Gbọ́láhàn àti ìyàwó wọn, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo ará Tákíè, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ara mi le. Sistà Àwáwù ní òun kí yín, òun sì ti ń gbọ́ rọ́ọ̀kì ní Makola báyìí.

Ẹ kú àbọ̀, Bàbá mi.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́