Eruku Lásán Ni Wọ́n Ní Mo Rí

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, ẹ má fòyà.

Ẹ rántí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tí mo sọ fún yín, tí eruku yí ká bí òrùka? Nínú irú eruku bẹ́ẹ̀ ni ayé tuntun ti máa ń ṣù jọ díẹ̀díẹ̀, bí oyún inú. Àtìgbà tí mo ti débí ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Nínú àwòrán tí mo fi awò awọ̀nàjíjìn yà, mo rí ohun kan tó ń tàn níbẹ̀, mo ní ayé tó ń bọ̀ ni.

Lánàá, nínú ìpàdé, ọ̀gá mi wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Eruku lásán ni. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló tàn sí i lára."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un wò."

Ó ní òun ti tún un wò, ó sì ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Omi tán lẹ́yìn ẹja nìyẹn. Inú bí mi, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ ṣí omi ẹ̀rọ ní ilé ìwẹ̀ kó máa dà. Ojú ni mò ń fọ̀ o.

Wọ́n ti gbé ìràwọ̀ náà fún ẹlòmíì. Kò burú, iṣẹ́ kì í tán láyé.

Ẹ ṣáà má tíì sọ fún Bàbá. Wọ́n ti ròyìn mi fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ bá mi kí wọn gan-an. Ẹ kí àbúrò mi náà. Kó má pè mí lórí fídíò lọ́sẹ̀ yìí o, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Èmi ni, àkọ́bí yín.