Aboyún Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà

Ọjọ́ Ajé, 10 Jánúárì 1983

Ọyẹ́ ọdún yìí ti gbẹ gbogbo nǹkan dé egungun. Iná tún jó oko obì kan lápá Ìsarà lánàá. Wọ́n ní olóko jókòó sílẹ̀, ó ń wo eérú bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Àgbà gbọ́, kò jẹun. Oko obì wa nìkan ni Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ la ti ń wọṣọ. Bí ibẹ̀ bá jó — mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mo ti pinnu. Màá ṣe panápaná tèmi. Èyí tó wà nílùú ńlá, kó tó dé abúlé wa lẹ́yìn Simawa níbí, eérú á ti tutù, a ó ti fi fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Jánúárì

Kí n sọ òótọ́ fún ìwé yìí, òun ò lẹ́nu. Ìdí mìíràn wà.

Bàbá Ṣóbọ̀wálé — Agogo ni mo ń pè é — ló ń ké iná fún abúlé wa. Òun ni ohùn ẹ̀ lọ jù. Bó bá ti ké, òfin ni: o ò gbọ́dọ̀ gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ mì, omi ni kó o gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, mo gun igi ìyeyè, mo fi ohùn Agogo ké: “Inááá o! Inááá! Ẹ gbómi, ẹ gbéwé tútù!” Gbogbo abúlé tú jáde. Ìyá Láídé, ará ilé kejì, sáré jáde pẹ̀lú irun àdìdé-ààbọ̀. Agogo fúnra ẹ̀ jáde, ó ní: “Ta ló fi ẹnu mi ké?” Ẹ̀rín pa mí títí mo fi já bọ́ lórí igi. Bí wọ́n ṣe mú mi nìyẹn. Ìyá Àgbà ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Arúgbó, lórí iyanrìn.

Láti ọjọ́ náà, bí Agogo bá pe ọmọ ẹ̀ lásán, wọ́n á ní: “Ẹ̀gà ni.” Èmi ni Ẹ̀gà. Orúkọ yẹn ti bá mi láti Fọ́ọ̀mù Tú, níbi tí ìwé mi parí sí, lẹ́yìn tí mo fi ohùn ọ̀gá wa ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé. Wọ́n sì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Jánúárì

Mo lọ bá Bùọ̀dá Lásúnkànmí, àbúrò bàbá mi, ní Intasénjì Ṣàgámù. Fọkanáísà ni. Mo ní mo fẹ́ dúrọ́ọ̀mù, rọ́bà gígùn kan, àti tíúbù tó ti kú.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Panápaná ni, sà.”

“Ìwọ? Ìwọ tó ń ké iná tí kò sí?” Ó rẹ́rìn-ín títí irin tó fi ń tú táyà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Awakọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín tiẹ̀, kò sì mọ nǹkan tó ń rín. Ẹ̀yìn náà ni Bùọ̀dá wo ojú mi dáadáa. Ó fún mi ní gbogbo ẹ̀. Ó ní: “Bó o bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú táyà ni màá fi ẹ́ sí, màá sì fún ẹ ní afẹ́fẹ́.”

Mo fi ohùn ẹ̀ sọ ọ́ fún Sàídì, ọ̀rẹ́ mi, lọ́nà ilé. Sàídì ní ó jọ ọ́ ju òun fúnra ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Jánúárì

Iṣẹ́! Ọmọlanke tí Bàbá Àgbà fi ń kó obì — mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ sí táyà ọkọ̀. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù nàró sí i, mo fi tíúbù dì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà pọ́ńpù tí Bàbá Àgbà fi ń fín kòkó nígbà ayé ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́, òògùn kòkó kì í ṣe eré. Ẹnu ẹ̀ kan nínú omi, ẹnu ẹ̀ kejì sínú rọ́bà. Èmi á máa fà á sókè sódò, Sàídì á máa darí omi.

Ikùn ẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú. A sọ ọ́ ní Aboyún.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Jánúárì

Ó ń jò.

Ọjọ́ Ajé, 17 Jánúárì

Ó ṣì ń jò. Sàídì ní kí n rẹ́ ọṣẹ sí ojú ibẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ òpè nìyẹn. Mo rẹ́ ọṣẹ sí i. Kò jò mọ́. Sàídì ò ní jẹ́ kí n sinmi títí ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 19 Jánúárì

Ìrìn mẹ́tàdínlógún sí odò kó tó kún. A tì í dé ìyànà oko, omi ń gbọ̀n, ó ń da ara ẹ̀ sí wa lára, ọmọlanke fẹ́ẹ̀ dojú dé. Ìyá Àgbà ń bọ̀ láti oko, ó dúró wò wá. Ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá méjì, ó tẹ́ wọn sórí omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí garawa tí wọ́n bá rù. Omi dákẹ́. Ó ní: “Ẹ ti lọ ilé ìwé, àbí?” Ó bá tiẹ̀ lọ.

Fọ́ọ̀mù Tú kò kọ́ mi nìyẹn o.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Jánúárì

Ìtìjú. Ìtìjú ńlá.

Mo pe gbogbo abúlé wá wo Aboyún. Mo fi ohùn oníròyìn rédíò kéde ẹ̀. Agogo náà wá, ó dúró lókèèrè, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mo ní: “Ẹ sún sẹ́yìn o, omi yìí á gbé yín!” Mo fa pọ́ńpù. Kò sí nǹkan. Mo fà á. Aboyún wúkọ́. Ó pọ nǹkan funfun kan, pọ̀tọ̀, sí Sàídì lójú. Òórùn ẹ̀!

Ẹ̀gẹ́ ni. Ìyá Àgbà ti rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sínú dúrọ́ọ̀mù mi láti ijọ́ kejì! Ó ní: “Omi tó kún dúrọ́ọ̀mù nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ní kí n máa wò ó?” Ó dì mọ́ ẹ̀gẹ́ ẹ̀, Sàídì dà bí egúngún, àwọn èèyàn ń yí nílẹ̀. Ìyá Láídé ní: “Ẹ̀gà fẹ́ fi fùfú pa iná, ọbẹ̀ ló kù!”

Mo ní kí Ìyá Àgbà da ẹ̀gẹ́ náà nù, nítorí pọ́ńpù òògùn. Ó dà á nù. Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Agogo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Fi asẹ́ sí ẹnu pọ́ńpù ẹ. Kó o sì dé dúrọ́ọ̀mù.” Ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Jánúárì

Mo fi asẹ́ sí i. Mo dé e. Omi fò dé orí òrùlé! Kò sí ẹni tó wá wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 27 Jánúárì

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Mo wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mò ń di rọ́bà Aboyún. Ohùn dún láti ọ̀nà oko Agogo, oko tó fara ti tiwa: “Inááá o!”

Àwọn àgbà tó ń ta ayò ò gbórí sókè. Ìyá Láídé ń lọ ata, ó ní: “Ẹ̀gà ti tún dé.” Ẹnì kan ní: “Ẹ má dá a lóhùn. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sọ̀ kalẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó tún ké lẹ́ẹ̀kejì. Nínú gbogbo abúlé, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

Mo fò jáde sí àárín àgbàlá. Mo ní: “Èmi rèé! Ẹ wò mí! Mi ò ké o!” Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo idán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, mo dúró. Ohùn náà ké lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń ya. Ẹnu mi sì wà ní bíbò.

Ọlọ ata ló kọ́kọ́ dojú dé. Gbogbo wọn dìde.

Sàídì fà, mo tì. Nígbà tí a dé oko, Agogo nìkan ló wà nínú èéfín, ó ń fi ewé na iná, ahéré ẹ̀ ti ń jó. Mo fa pọ́ńpù bí ẹni orí ẹ̀ yí. Aboyún kò wúkọ́. Omi lọ tààrà. A pa ti ẹsẹ̀ Agogo ná, ọkùnrin kan gbé e jáde, a wá dojú kọ èyí tó ń rákò bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin ń gbá ewé gbígbẹ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, àwọn obìnrin ń ti odò gbé garawa, Ìyá Láídé ń dà á sí Aboyún, ó ń pariwo: “Fà á, Ẹ̀gà! Fà á, ọkọ mi!” Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tán.

Ó kú ní ààlà oko. Kò jẹ igi wa kan.

Ó jẹ mọ́kànlá nínú ti Agogo.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Jánúárì

Wọ́n ń kí mi káàkiri. Mò ń ka igi mọ́kànlá nínú orí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá náà ké.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Jánúárì

Èéfín ti gba ohùn Agogo. Nọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù ní ó lè padà, ó lè má padà. Agogo ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun nílé lọ́la. Ìyá Àgbà ní: “Lọ. Bó bá gbá ẹ létí, kí i fún mi.”

Ọjọ́ Ajé, 31 Jánúárì

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde. Mo sọ ọ́ fún ilẹ̀ pé igi mọ́kànlá yẹn, èmi ni mo jó wọn. Ó fi ẹsẹ̀ kàn mí léjìká kí n jókòó.

Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ewé gbígbẹ. “Ọyẹ́ ò tíì lọ. Ta ni yóò máa ké?”

Ó nawọ́ sí ẹnu mi.

“Ké e, kí n gbọ́.”

Mo rò pé eré ni. Ojú ẹ̀ kì í ṣe ti eré. Mo gbé àyà sókè, mo ké e bó ṣe máa ń ké e: “Inááá o! Inááá! Ẹ gbómi!”

Mi ò tíì mí tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀. Gbogbo abúlé ló ya bo ẹnu ọ̀nà. Garawa. Ewé tútù. Sàídì ti ń wọ́ Aboyún bọ̀. Ìyá Láídé ló ṣáájú, irun àdìdé-ààbọ̀ náà ló tún wà lórí ẹ̀, mo bura. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo Agogo. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ìgbájú.

Agogo fi ìka pè mí. Mo gbé etí sún mọ́ ọn.

“Ó kù díẹ̀,” ó ní. “Èmi máa ń fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tún un ké.”

Mo tún un ké, níwájú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.