Etí Rẹ̀ Kò Mọ́

Ìyá mi, ẹni tí mo fi gbogbo ara jọ,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú pé ìròyìn tí mo mú wá kò dùn. Wọ́n tún fẹ́ gé mi.

Kókó kan ló yọ sí mi lọ́mú òsì. Kò dùn mí, n kò sì kà á sí. Ọkọ mi ló fà mí lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Dókítà gé kókó náà kúrò, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ti lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ná! Mo wọ aṣọ àdúrà mi, mo jó dé iwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni èsì dé: jẹjẹrẹ ni, etí ohun tí wọ́n gé kò sì mọ́. Ó yẹ kí ẹran ara tó dára yí i ká, ṣùgbọ́n àìsàn náà dé ibi tí ọ̀bẹ gbà gan-an. Ó ṣeé ṣe kó ṣẹ́kù sí mi lára. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ọmú náà ni wọ́n fẹ́ gé.

Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Mo lè máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò, kí ọwọ́ mi ṣàdédé wọ abẹ́ búláòsì. Ìyá Àdúrà ìjọ wa fẹ́ kí n fi ti ọ̀bẹ sílẹ̀, kí n máa fi omi àdúrà wẹ̀. Ọkọ mi ti ń fọ aṣọ mi fúnra rẹ̀.

Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá mi ní irú rẹ̀. Kí ni kí n sọ? Oówo ni ẹ pe èyí tó yọ sí yín lọ́mú, títí ẹ fi kú. Ẹ ń so ìró mọ́ àyà pinpin, ẹ kò jẹ́ kí n bá yín fọ ẹ̀yìn mọ́. Ṣé òun náà ni? Ṣé ó ń dùn yín, tí ẹ kò wí?

Pupuru, ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, ni mò ń ha lánàá tí mo rántí yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni mo máa ń ha èèpo tí èéfín ti sọ dúdú, torí àánú ibi funfun tó ń bá a lọ ń ṣe mí. Ẹ kì í jágbe. Ẹ óò yí i wò lójú oòrùn, ẹ óò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ taari rẹ̀ padà síwájú mi. Mo máa ń kùn, mo sì máa ń yọ ṣùtì lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n títí dé ọjà Àjàgbà, kò sẹ́ni tó rí dúdú nínú pupuru yín.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní kí n wá fún iṣẹ́ abẹ náà. Iwájú ọsibítù náà ni bọ́ọ̀sì Òde-Ìrèlè ti máa ń kérò, mo sì mọ ara mi. Mo lè bẹ́ sínú rẹ̀ kí n padà sílé. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ mi yà síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe. Ẹ kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ taari mi padà.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí kì í ha á dé funfun.