Ẹ Jẹ́ Kí Àlejò Wọlé Ná

Màmá mi àtàtà, Ìyá Olómi Tútù,

Òkun ni mo ń tà báyìí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi ọmọ yín tí mo ń ru abọ́ oníke tẹ̀lé yín káàkiri ọjà Adjamé ní Abidjan níbí, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Riviera, òkun sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, nínú àpótí gíláàsì tó ga tó mi léjìká. Àwọn olówó máa ń dúró síta, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Kò sẹ́lòmíì tó ní irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun náà ní, irọ́ ló ń pa.

Ẹ rántí iyùn tí ẹ máa ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ Iléyá? Màmá, ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn o! Mi ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Inú òkun ló ti ń dàgbà, ó ń jẹun, ó ń la ẹnu, ó ń pa ẹnu dé. Mo ní oríṣiríṣi irú ẹ̀ nínú àpótí mi: èyí tó rí bí ọwọ́, èyí tó rí bí olú, èyí tó ń jó bí ewéko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àwọn ẹja kéékèèké pupa tó fi funfun di àmùrè á máa sá wọlé sá jáde láàárín wọn. Tí mo bá jókòó níwájú ẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí, bí ẹ ṣe máa ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń ronú. Kí lẹ máa ń rò? Ẹ ò sọ fún mi rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, abọ́ oníke ò tà mọ́, torí gbogbo ayé ló ń tà á. Mo wá lọ jókòó ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gé gíláàsì ní Attécoubé, mo ń wò ó títí mo fi jí iṣẹ́ náà kọ́. Mo ń lẹ àpótí ẹja pọ̀, mo ń tà á. Ará Lẹ́bánónì kan wá ní ẹja odò ti sú òun, ẹja òkun lòun fẹ́. Mo ní ìyẹn ò le, ṣebí òkun wà ní Vridi? Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn ọ́n wá. Ẹja kú. Mo tún pọn ọ́n, wọ́n tún kú. Ará Lẹ́bánónì yẹn ló fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà pé àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ń sin òkun sínú ilé bí èèyàn ṣe ń sin adìyẹ, pé wọ́n ní ilé ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́rọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é.

Ẹ sáà máa fojú inú wò ó bí àgbàlá wa ní Treichville. Oníkálukú ní yàrá tiẹ̀, ojúde wà tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà sì wà tí àlejò gbọ́dọ̀ ti dúró kó sọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà náà pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kí ilé pé bonjour, ẹnikẹ́ni ò ní dá a lóhùn. Mo ní háà, ta ló sọ pé àwọn òyìnbó ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?

Èmi ní tèmi, mo kí wọn dójú àmì. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, Faransé ọjà sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú ìtọ́jú ẹja, mo kí wọn kú òtútù. Ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kan kọ̀wé padà pé inú òtútù ni wọ́n bí òun sí, inú ẹ̀ lòun dàgbà sí, ẹnikẹ́ni ò tíì kí òun kú òtútù rí láyé òun. Láti ọjọ́ náà, tí àlejò bá ti dé, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe Maman Vridi wá." Èmi nìyẹn, orúkọ tí mo fi wọlé, torí omi Vridi.

Ọwọ́ yín ni mo fi ń gba àlejò. Àwọn ará ilé tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Adjamé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń lọ pàdé wọn? Àpótí ìjókòó, omi tútù, kò sì sí ìbéèrè kankan títí kọ́ọ̀pù á fi gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ tó dé, ẹ máa ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ ilẹ̀ ná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn tèmi náà ṣe máa ń kánjú. Wọ́n á da omi sí àpótí láàárọ̀, wọ́n á fẹ́ kó ẹja sí i nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ omi tuntun ò tíì jinná. Òun àti òkúta nìkan ló yẹ kí wọ́n jọ wà fún bí oṣù kan kí ẹlẹ́mìí tó bá wọn gbé. Ọ̀kan tiẹ̀ dé láti Lyon, ó pe ara ẹ̀ ní Requin, ìyẹn yànyán, ẹja ńlá tó ń jẹ èèyàn, ó ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ sìn, àpótí ẹ̀ ò sì ju ìkòkò ìrẹsì lọ. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé inú ìkòkò lo fẹ́ so ẹṣin mọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹja pupa méjì ló padà rà. Inú wọn ń dùn.

Ẹni tó dá fọ́rọ́ọ̀mù yìí sílẹ̀, Capitaine ni wọ́n ń pè é, awakọ̀ òkun àtijọ́ ní etíkun ilẹ̀ Faransé. Ó kéde pé ó ti ń rẹ òun, òun fẹ́ fa ẹnu ọ̀nà lé ẹnìkan lọ́wọ́. Èmi àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Étoile ló kù tó ń wò. Tíṣà ni Étoile, onísùúrù èèyàn ni, àmì ohùn Faransé ẹyọ kan kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Màmá, mo fẹ́ ipò yẹn, mi ò parọ́. Ẹ mọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Mo gbé àga kalẹ̀ fún wọn, mo gbé àtíbàbà. Nígbà tó kan ẹni tó máa kí àlejò káàbọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ńlá, wọ́n ní CE1, kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti kúrò níléèwé, mi ò lè ka ìwé lójú àwùjọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Nílé, mo sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, wọ́n mú iná lọ ní Riviera. Jẹnẹrétọ̀ ń bú nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ni àlejò kan bá já wọ fọ́rọ́ọ̀mù. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sọ orúkọ: "Kò síná. Ẹja ń kú. Kí ni kí n ṣe?"

Wọ́n bò ó. Ọ̀kan ní, "Bonjour ńkọ́? Ṣé wọn kì í kí èèyàn ní tìyín ni?" Òmíràn ní ọjà kọ́ nibí. Étoile sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kó lọ ka ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Capitaine wà níbẹ̀, a rí orúkọ ẹ̀, ó ń wò wá. Ẹ mọ̀ mí, mi ò gọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́, ẹnu ọ̀nà lè di tèmi.

Àmọ́ mo rántí ìyàwó tuntun yẹn, èyí tó pọn ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná bí iná wọ àgbàlá wa, tó kọjá lára gbogbo àgbà láìkúnlẹ̀, tó lọ tààrà sídìí àmù omi. Bí àwọn bàbá ṣe ń pòṣé: "Ọmọ ta lèyí?" Ẹ̀yin sì dìde, ẹ gba ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé ná. Ìkúnlẹ̀ ò ní sá lọ."

Gbogbo ìka mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn: "Ẹ bu omi! Ẹ fi abọ́ bu omi inú àpótí náà, ẹ gbé e sókè, ẹ dà á padà kó máa hó, bí ọkùnrin tó ń da kọfí láti kọ́ọ̀pù sí kọ́ọ̀pù ní kíósì. Ẹ má dúró!" Atẹ́gùn ni ẹja ń wá, Màmá. Ọwọ́ èèyàn lè fún un títí iná á fi dé.

Ó dáhùn kíá: "Kíósì? Bíi ti Abidjan?"

Mo ní, "Abidjan níbo lẹ wà?"

Riviera! Lẹ́yìn ilé oògùn tí mo máa ń gbà kọjá! Mo gbé ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fò sínú takisí.

Obìnrin gíga kan ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Omi ti rin ín dé ìgúnpá. Mo fẹ́ kọjá lára ẹ̀, ó dí ọ̀nà.

"Bonne arrivée, tantie. Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Màdáámù, ẹja dà?"

"Ẹ jókòó ná. Wọn kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí ìdúró nílé bàbá mi."

Mo jókòó. Ó gbé omi wá lórí àwo. Mo dà á mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá fọwọ́ lérí ẹsẹ̀: "Les nouvelles?" Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí àlejò bá mumi tán, wọ́n á béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà á kọ́kọ́ ní kò síbi kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú pé kò lẹ́kọ̀ọ́!

Mo ní, "Kò síbi, àlàáfíà ni, ẹja yín ló ń kú, òun ló gbé mi wá!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ìròyìn yín," ó ká aṣọ sókè, àwa méjèèjì bá sáré.

Ó ní ọkọ òun ló ni àpótí náà. Ọkọ ti kú, ẹja nìkan ló kù tó máa ń wo òun náà láàárọ̀ bí ọkọ ṣe máa ń ṣe. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ọkọ ẹ̀ ló ti rí fọ́rọ́ọ̀mù wa. Òun ò mọ nǹkan kan nípa òkun. A ń bu omi, a ń dà á, a ń gba abọ́ lọ́wọ́ ara wa. Ẹja aláwọ̀ aró kan kú, èyí tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ràn jù. Ó sunkún ẹ̀. Ìyókù yè. Nígbà tí iná dé, tí a rí bí omi iyọ̀ ṣe sọ àwa méjèèjì dà, ẹ̀rín ló pa wá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Étoile kọ ọ́ pé mo rú òfin. Òótọ́ ló sọ, mi ò jiyàn. Ni agbẹ̀bí yìí bá wọlé, ó kí wọn. Màmá, ó mọ̀ ọ́n kí ju èmi gan-an lọ! Ó tọrọ àforíjì, ó wá ń béèrè ìròyìn ilé lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù tí mo kí kú òtútù sọ pé ìyàwó òun wà ní ọsibítù. Étoile sọ pé ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ilé dákẹ́ jù. Àwọn tí a ti ń bá sọ̀rọ̀ iyùn láti ọjọ́ yìí, a ò mọ nǹkan kan nípa wọn.

Capitaine wá sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Maman Vridi, gba ilẹ̀kùn. Ohun tí mo kọ síbẹ̀, tún un kọ." Mo kọ ọ́ pé: Ẹ káàbọ̀. Bí nǹkan yín bá ń kú lọ, ẹ sáré wọlé, a ó kí ara wa tó bá yá. Étoile fẹ́ tún Faransé mi ṣe, Capitaine ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Faransé tàbí Kánádà wọlé, ọ̀rọ̀ tèmi ló máa kọ́kọ́ kà. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ gbọ́ o!

Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ẹ lọ láìdágbére. Ta ló pàdé yín lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n fún yín lómi? Mo mọ̀ yín, á ti di pé ẹ̀yin lẹ ń pàdé àwọn tó ń dé báyìí. Tí ẹ bá rí Baoulé kan níbẹ̀, tó ń bi gbogbo èèyàn bóyá wọ́n mọ nǹkan kan nípa ẹja, ọkọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé àwọn ẹja ẹ̀ wà láàyè, wọ́n ń jẹun dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó mumi tán kẹ́ ẹ tó sọ ti aláró yẹn fún un.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju òkun tó ń tà lọ,
Maman Vridi.